Erundina àti Ṣímínì Tó Tutù

Kí Erundina tó bọ́jú láàárọ̀, ṣímínì oníṣímínì, ihò èéfín orí òrùlé, ló kọ́kọ́ ń wò. Á ṣí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, á gbé ìgúnpá lé e, á sì máa pe èéfín abúlé wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ọmọ iléèwé. "Tomasa ti jí. Ilé Alágbẹ̀dẹ ti jí. Hixinio náà ti jí, ó tún ti ń fi pépà dáná, ọ̀lẹ." Èmi Balbina, tí ilé mi dojú kọ tirẹ̀, orí ibùsùn ni mo ti máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ohùn Erundina kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí wá. Mo ti pariwo sí i láìmọye ìgbà pé kó jẹ́ kí n sùn. Èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Dáná kí n dákẹ́."

Ẹ má rò pé àtojúbọ̀ lásán ni. Ní ìgbà òtútù kan, ṣímínì Delmiro kò yọ èéfín títí oòrùn fi là. Gbogbo wa la rí i, a ní bàbá náà ń gbádùn oorun rẹ̀ ni. Erundina nìkan ló ki ẹsẹ̀ bọ bàtà onígi, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ìṣó fa yẹ̀rì rẹ̀ ya, ó sì bá Delmiro nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú egungun ìbàdí tó ti ṣẹ́. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí òtútù pa á. Láti ọjọ́ náà, bí ṣímínì ẹnikẹ́ni bá pẹ́, kí olúwarẹ̀ tó nu ìpin ojú, Erundina ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹyin iná nínú ṣọ́bìrì. Delmiro ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú báyìí, ilé rẹ̀ sì wà ní títì.

Èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wa. Òkè tó wà lẹ́yìn Outeiral, abúlé wa, kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti olówó kankan. Ti àwọn tó ń dáná lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí ilé rẹ bá ṣí, tí ṣímínì rẹ sì ń rú èéfín, o lè da màlúù lọ sókè, o lè gé igbó ẹlẹ́gùn-ún tí a ń tẹ́ sábẹ́ ẹran, o sì lè nawọ́ nípàdé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ òkè. Lọ́jọ́ tí o bá tilẹ̀kùn tí o lọ, ẹ̀tọ́ náà tán. Lọ́jọ́ tí o bá padà tí o dáná, ó tún bẹ̀rẹ̀. O kò lè tà á, o kò sì lè fi ṣe ogún fún ọmọ tó ń gbé ní Barcelona. Ibi tí o bá ti ń se ọbẹ̀ rẹ ló wà.

Erundina mọ bó ṣe ń rí kéèyàn má ní in. Ọmọge ni nígbà tí òun àti Amaro ọkọ rẹ̀ lọ Siwisaláńdì, tí wọ́n ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, ilé wà ní títì. Lóṣù kẹjọ ọdún kan tí wọ́n wálé fún ìsinmi, ìpàdé bọ́ sí i: ṣé ká gé àwọn igi ńlá tó wà létí ìsun omi tà, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀? Erundina nawọ́ pé ká fi wọ́n sílẹ̀. Hixinio, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó sì ti ń ṣe bí ọ̀gá láti kékeré, wò ó lójú gbogbo èèyàn. "Àbúrò, ilé rẹ kò rú èéfín. Sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ká a lára títí di òní. Ó sọ fún mi pé Siwisaláńdì kò jẹ́ kí òun dìbò torí àlejò ni òun, abúlé bàbá òun náà kò jẹ́, torí òun lọ wá oúnjẹ, àfi bíi pé inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì nìkan ni wọ́n ti mọ ìwúlò ọwọ́ òun. Nígbà tí wọ́n wá padà pátápátá, kò tíì bọ́ kóòtù, kò tíì sọ àpótí kalẹ̀ látinú ọkọ̀, tó ti kúnlẹ̀ síwájú ààrò. Kò sígi nílé. Ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ kan lára àga bàbá rẹ̀, ó fi dáná. Amaro dúró síta ó ń wo òrùlé, nígbà tí èéfín sì yọ, ó ké sí i kó wá wò ó. Amaro ti dolóògbé, àga náà sì wà níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Erundina kò jẹ́ ká tún un ṣe.

Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, Hixinio, tó ti di olórí òkè báyìí, a máa gun ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀. Á máa wo òrùlé, á sì máa fi ohùn rara pe orúkọ ilé tó bá ń rú èéfín. Bó bá pè wọ́n tán, á lu agogo, kò sì sí ilé tí a tún ń kà mọ́. Ilé tó bá pè ló ní ọwọ́ nípàdé títí ọdún á fi yípo. Èyí tí kò bá pè, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó lè nawọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Báyìí la wà nígbà tí àwọn oníkùsà dé.

Àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà ń gbé ní òkè òkun, a kò rí wọn rí, wọn kò sì rí wa rí. Lọ́yà kan láti Madrid ni wọ́n rán sí wa, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn, Noelia. Ó ní òkúta kan wà nínú òkè wa tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀, ayé sì ń dúró dè é. Kòtò tí wọ́n máa gbẹ́ á gba orí ìsun omi wa kọjá, ṣùgbọ́n ká má fòyà, omi á máa gba páìpù wá. Ó yá iléèwé àtijọ́ ṣe ọ́fíìsì, ó sì pín bírò fún gbogbo ilé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀ pé iléeṣẹ́ àwọn bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọnìyàn. Bírò tèmi kò kọ rárá. Ti Tomasa kọ fún ìgbà díẹ̀.

Kí n má purọ́, n kò bá àwọn tó fẹ́ kùsà náà wí. Ọmọ Tomasa wà ní Jámánì, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un pé iṣẹ́ ń bọ̀ tó lè dá wọn padà, ṣé kó kọtí ikún ni? Hixinio náà ní ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti ṣèlérí ipò fún. Ṣùgbọ́n àwa tí kò fẹ́ ṣì fi ilé kan ju àwọn tó fẹ́ lọ, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Ìpàdé oṣù kọkànlá, lọ́sàn-án ọjọ́ tí a bá ka èéfín, ló máa parí ọ̀rọ̀ náà. Bí ọwọ́ bá tiẹ̀ wá dọ́gba, ìlànà wa ni pé òkè á wà bó ṣe wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ilé ọtí. Hixinio fẹ́ràn kó máa kọ́ àlejò, pàápàá bí ọtí kọfí bá ti wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó ti Noelia, ó ṣàlàyé òfin èéfín fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń na ìka sókè bí àlùfáà. Noelia gbọ́ ọ dópin, ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ta ló lè dáná ọ̀hún, Bàbá?"

"Ẹnikẹ́ni. Bó o bá ń gbé ibẹ̀, tó ń rú èéfín, ọmọ abúlé ni ẹ́."

Èmi ń jẹ èso kasitáńà yíyan nídìí káńtà nígbà náà, mo gbọ́, n kò sì fura. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín pé ọmọ Madrid fẹ́ wá di ará oko.

Kò pẹ́ sí i tí ilé méjì tó ti dahoro fi di ṣíṣí. Iléeṣẹ́ yá wọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó jogún wọn, wọ́n tún òrùlé ṣe, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn sínú wọn. Ọ̀kan gba àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, tí orin wọn kì í dákẹ́. Nínú ìkejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Erundina gan-an, ni Ovidiu àti ìyàwó rẹ̀ Lenuța kó sí. Ará Romania ni wọ́n. Ovidiu ló ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ fún iléeṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí òkúta wà.

Ẹ wá wo Erundina lọ́jọ́ náà. Bí ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó wá fún ọmọ rẹ̀ ló rí. Ilé tó ti tutù láti bí ogún ọdún fẹ́ yọ èéfín! Kò béèrè ẹni tó gbé wọn wá. Ó di igi gbígbẹ sápá, ó gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé, ó bá Ovidiu tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ààrò tí ojú rẹ̀ ti pọ́n koko.

"Dìde níbẹ̀, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ sun ojú rẹ ni àbí o fẹ́ sè é?"

"Kò ràn, Màmá."

"Báwo ló ṣe máa ràn? O ti tò ó bí òkú inú pósí. Jẹ́ kó rí ibi mí. Ẹ̀gún gbígbẹ lo máa kọ́kọ́ fi sí i, kí o tó gbé igi lé e lórí. Èyí tó o kó wá yìí ńkọ́? Etí odò lo ti gé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó pọ̀ níbẹ̀."

"Ó máa pọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń gé e. Igi etí odò tútù, bí o bá fún un ní iná ọ̀run àpáàdì, á kàn máa tutọ́ sí ọ lójú ni. Sọ ọ́ nù."

Ó kọ́ ọ. Ó kọ́ Lenuța bí a ṣe ń bo ẹyin iná mọ́lẹ̀ kó lè di àárọ̀. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ewébẹ̀ fún wọn, èyí tí èmi ti ń fojú sọ́nà fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé: "Tomasa ti jí. Ilé Alágbẹ̀dẹ ti jí. Ọmọ mi Ovidiu náà ti jí!" Gbogbo abúlé ló ń dárayá. Tomasa gbé ẹyin lọ, ẹnì kan gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ti fi èéfín gbẹ lọ. Kódà èmi tí ọwọ́ mi le, mo gbé ọ̀pọ̀tọ́ díẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ olórin.

Oṣù kọkànlá ku bí ọ̀sẹ̀ kan tí mo gbọ́ tí Noelia ń sọ ọ́ ní ilé ọtí fún Hixinio, láìbò ó rárá: "Pẹ̀lú ilé méjì wa, Bàbá, ó ti parí." Mo fi bíà mi sílẹ̀, n kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rìn wọ ilé ìdáná Erundina, mo bá a tó ń rẹ́ kábéèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dáná sun wá."

"Kí ló dé?"

"Ovidiu. Àwọn ọmọ olórin. Iléeṣẹ́ kó wọn wá torí èéfín ni. Ilé méjì ni, wọ́n á sì nawọ́ síbi tí wọ́n bá ní kí wọ́n na án sí. Ẹ ṣírò ó. Wọ́n ti fi ilé kan jù wá lọ."

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri kó má bàa ṣubú.

"Èmi ni mo dá a fún un," ló ní.

"Ẹ̀yin ni. Igi yín ló ń jó níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Torí náà, ẹ má fún un nígi mọ́. Tomasa ní àwọn kan ti ń sọ pé àwọn á ki àpò bọ ṣímínì rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi tiẹ̀ ní àpò."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rín.

"Balbina, bí o bá ki àpò bọ ṣímínì ọmọ yẹn, èmi àti ìwọ ò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ẹ gbọ́ mi ná. Òkè ń lọ! Ìsun omi ń lọ! Àlejò tó dé lánàá ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ sì ń gbé ọbẹ̀ fún un."

"Ó ń gbé ibẹ̀ àbí kò gbé ibẹ̀?"

"Ó ń gbé ibẹ̀."

"Ó ń dáná àbí kò dáná?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Wọ́n ti sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ rí. N kò ní sọ ti ẹlòmíì kalẹ̀. Bí òkè bá máa lọ, kó lọ. N kò ní jí èéfín onílé."

Inú bí mi débi pé mo gbé ìkòkò mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo jáde, mo sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ọ̀rẹ́ mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí mo bá rí i nínú omi, mo máa kọ́kọ́ jẹ́ kó mu díẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ovidiu fúnra rẹ̀ wá. Mo mọ̀ torí mo ti padà síbẹ̀. Ìkòkò yẹn kò ní ọmọrí, ọmọrí wà lọ́dọ̀ Erundina. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú, kò jókòó bí a ṣe ní kó jókòó. Ó ní ọ̀gá òun obìnrin ti sọ fún òun pé òun máa lọ sí ìpàdé, òun máa nawọ́ síbi tó bá ní kí òun na án sí. Bí òun kò bá nawọ́, kò síṣẹ́, kò sílé. Ó ní òun kò mọ̀ pé nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún òun nílé.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Màmá?"

Mo yọ ọrùn. Ṣé ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń fi ojú bẹ èèyàn? Mo fi ojú bẹ Erundina títí ó fi rẹ ojú mi.

"Ọwọ́ rẹ ni, ọmọ mi," ló ní. "Èmi kò ní sọ ibi tó o máa nà án sí. Ọ̀gá rẹ náà kò yẹ kó sọ ọ́. O ń gbé níbí, o sì ń mu omi wa. Lọ rò ó."

Ovidiu wolẹ̀. "Ọ̀dọ̀ wa náà, wọ́n gbẹ́ kòtò. Kò sẹ́ni tó bi bàbá mi." Ó yí fìlà náà lọ́wọ́ díẹ̀. "Lenuța ti lóyún, Màmá."

Erundina gbé igi gbígbẹ fún un bó ṣe ń lọ, mo sì ń wo igi náà tó ń lọ bí ẹni ń wo ẹrù ara rẹ̀ lórí olè.

Ọjọ́ Àìkú náà mọ́ pẹ̀lú òtútù tó mú koríko funfun. Hixinio wà lókè ilé agogo, ó wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Noelia dúró sábẹ́ rẹ̀ nínú bàtà tí kò bá ilẹ̀ wa mu. Mo ti dáná mi láti ìdájí, mo wá dúró ti Erundina lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, torí a ti parí ìjà wa láìsọ pé a parí rẹ̀.

"Ilé Tomasa!" ni Hixinio ń pè. "Ilé Alágbẹ̀dẹ! Ilé Balbina! Ilé Erundina!" Èéfín àwọn ọmọ olórin náà ń rú fùù, ó pè wọ́n. A ti dọ́gba nìyẹn. Ó kù ẹyọ kan.

Mo gbójú sókè wo ilé Ovidiu. Ṣímínì náà dúró sínú afẹ́fẹ́, ó mọ́ tónítóní. Kò sí èéfín kankan níbẹ̀.

Kí n tó gbà á gbọ́, Erundina ti wọlé ó ti jáde, ẹyin iná pupa nínú ṣọ́bìrì. Mo di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n! Níbo lẹ ń lọ?"

"Ṣímínì rẹ̀ tutù."

"Mo ti rí i! Ẹ jẹ́ kó tutù! Ẹ kàn jẹ́ kó tutù títí agogo á fi dún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Bó bá jẹ́ pé ó ti ṣubú ńkọ́? Obìnrin olóyún ló wà níbẹ̀. Ṣé ìwọ ló máa lọ bá wọn nílẹ̀, bíi Delmiro? Fi mí sílẹ̀, Balbina."

Mo fi í sílẹ̀. Kí ni n bá ṣe? Obìnrin tó gbé iná dání, ta ló ń bá a jà? Mo tẹ̀ lé e, mo ń bú u lábẹ́ẹ̀mí. Noelia náà ti rí ṣímínì, ó ń sáré bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà rẹ̀ ń yọ̀.

Erundina kan ilẹ̀kùn. Ovidiu ṣí i. Ó wọ kóòtù, ó wọ fìlà, ó wọ ìbọ̀wọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Lenuța wà lórí ibùsùn, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ ilé bò ó, imú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó ṣubú. Nínú ààrò, igi etí odò tútù ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó bí òkú inú pósí.

"Igi tutù, Màmá," ni Ovidiu wí, ó sì wí i sókè, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

Erundina wo ààrò, ó wo ojú rẹ̀. Igi gbígbẹ tó fún un wà ní igun ilé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Noelia dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ovidiu, kí lò ń ṣe? Dáná!"

"Igi tutù, Ọ̀gá. Mo ti gbìyànjú."

"Òkè ni Bàbá yẹn wà, ó fẹ́ lu agogo!" Ó yíjú sí Erundina, ó rí ṣọ́bìrì. "Ìyá, ẹ ṣé o. Iná nìyẹn lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ẹ kì í fi iná dun ẹnikẹ́ni. Ẹ fún un."

Mo gbà fún ọmọ Madrid yẹn. Ó ti mọ̀ wá ju bí mo ṣe rò lọ. Erundina kò ṣépè rí láyé rẹ̀, kò purọ́ rí tí mo mọ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè iná lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fún. Mo rí i tó na ṣọ́bìrì náà síwájú, ẹyin iná ń pọ́n nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Noelia kọ́ ló nà án sí.

"Ọmọ mi," ló wí fún Ovidiu, "ilé rẹ nìyí. Ṣé o fẹ́ iná?"

Ovidiu wo iná náà. Ètè rẹ̀ ti dúdú fún òtútù. Ó wo Lenuța, Lenuța sì mi orí pé rárá lábẹ́ aṣọ.

"Tó bá di ọ̀sán, Màmá."

"Ó ní tó bá di ọ̀sán," ni Erundina wí fún Noelia, bí ẹni pé Noelia kò gbọ́ èdè. Ó wá dúró síbẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, iná lọ́wọ́, kò kúrò, kò wọlé. Lójú tèmi, ohun tó le jù tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn, kó gbé iná dání níwájú ilé tó tutù kó má sì dá a.

Hixinio ní ẹ̀bi tirẹ̀, mo sì ti sọ wọ́n fún un lójú. Òun náà fẹ́ kùsà yẹn, nítorí ọmọ rẹ̀. Noelia ń pè é láti ìsàlẹ̀, "Bàbá, ẹ dúró díẹ̀! Ẹ dúró!" Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí, ó wo ṣímínì Ovidiu, ó tún un wò, gbogbo wa rí i bó ṣe ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọ ọwọ́ ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kalẹ̀ nítorí èéfín, ṣé ó wá lè ka èéfín tí kò sí fún àjèjì? Ó lu agogo.

Ní ìpàdé ọ̀sán, ọwọ́ dọ́gba. Òkè wà bó ṣe wà.

Erundina kò tiẹ̀ dúró gbọ́ àbájáde. Bó ṣe na ọwọ́ rẹ̀ tán ló ti dìde, ó lọ sílé, ó tún kó ẹyin iná sí ṣọ́bìrì. Nígbà tí a jáde láti ìpàdé, ṣímínì Ovidiu ń rú èéfín dúdú kìjikìji, Tomasa, tó ti nawọ́ fún kùsà, sì ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ síbẹ̀.

Wọ́n lé Ovidiu lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́. Noelia ní igi tútù kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àìbọ̀wọ̀ fáṣẹ ni. Mo dá bírò ẹlẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà, mo ní kó bá mi fi inki sí i. Erundina pe Delmiro lórí fóònù, ó pariwo sí i, nítorí pé Delmiro kò gbọ́ràn dáadáa àti nítorí pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, Delmiro sì fi ilé rẹ̀ fún wọn. Ovidiu ń gé igi fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò báyìí, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan tó ń ké bíi Erundina. Àwọn oníkùsà ṣì wà ní iléèwé àtijọ́. Wọn kò tíì lọ, wọ́n ń gbé ẹjọ́ káàkiri, wọ́n sì tún ń wá ilé yá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ òfin fún àlejò ní ilé ọtí mọ́.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá ọdún yìí, mo sùn. Mo sùn débi pé ohun tó jí mi ni pé n kò gbọ́ ohùn kankan. Kò sẹ́ni tó pe Tomasa. Kò sẹ́ni tó pe Alágbẹ̀dẹ. Mo fò dìde, mo ṣí fèrèsé, mo wo ọ̀ọ́kán. Fèrèsé Erundina wà ní títì, ṣímínì rẹ̀ tutù, Hixinio sì ti wà lókè pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀, ó ń pe orúkọ. Ẹsẹ̀ mi kò rí bàtà. Nígbà tí mo fi máa sọdá, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, Ovidiu ti wà nínú yàrá níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ṣọ́bìrì ẹyin iná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibà ti mú Erundina látàná, irun rẹ̀ rí wúruwùru, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo àwa méjèèjì bí olè.

"Màmá," ni Ovidiu wí, "ilé yín nìyí. Ṣé ẹ fẹ́ iná?"

"Ṣé o fẹ́ kó di ọ̀sán ni?" ni Erundina wí pẹ̀lú ohùn tó ti há. "Dá a! Kí o sì má to igi yẹn jọ bí òkú."

Ovidiu lọ kúnlẹ̀ síwájú ààrò. Mo jáde síta, mo dúró síbi tí Amaro dúró sí nígbà náà, mo ń wo òrùlé. Hixinio ti pe gbogbo ilé tán, ó ti di okùn agogo mú, kò fà á, ojú rẹ̀ wà lórí ṣímínì kan ṣoṣo. Ó dúró. Òfin kò sọ pé kó máà dúró. Nígbà tí èéfín yọ, ó pè é tí ohùn rẹ̀ fi dé òkè.

"Ilé Erundina!"

Láti inú yàrá, mo gbọ́ ọ tó ń dáhùn láàárín ikọ́: "Mo wà ńbí!"